Ẹ̀pà Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Ápù Ọmọ Ọmọ Mi

Ẹ dúró ná! Ẹ̀yin tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tíì ṣí i kọjá. Bí ẹ bá ń jẹun, ẹ gbé e kalẹ̀. Bí ọmọdé bá wà nítòsí yín, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ àgbàlagbà kan tí ó ti pẹ́ nínú Olúwa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé òun àti Olúwa ti di ẹgbẹ́. Èmi ni àgbàlagbà náà. Orúnkún mi ti yi nítorí ìkúnlẹ̀ àdúrà. Nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa, èmi ni wọ́n máa ń ké sí bí ọ̀rọ̀ bá le. Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí, bí mo bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ẹni tí ó dúró tì mí ní kíṣìnì lọ́jọ́ náà, tí ó ń wo ọwọ́ mi? Mo ti tú ilé ọmọ mi ká. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sin ọmọ ọmọ mi. Ẹnì kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ wà ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ṣómólú, ó ń ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ mi, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan tí ó mọ̀ àfi ẹ̀yin tí mo ń sọ ọ́ fún yìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí, orin ìjọ ni ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Káyọ̀dé nìkan ni ọmọkùnrin tí mo bí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó ní kí n máa bọ̀ ní Èkó, kí n wá bá àwọn mójú tó ọmọ. Bí mo ṣe di ará Abúlé Òkúta ní Bàrígà nìyẹn, ó ti lé ní ọdún mẹ́fà. Rùkáyá ni orúkọ ìyàwó. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Ṣómólú, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ Káyọ̀dé ni ó ti ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kéèkì àti ìpápánu ni ó ń ṣe nínú ilé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ní Akoka ni ó ń gbé e lọ fún. Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ìyàwó burúkú ni: ilẹ̀ kan kò mọ́ rí kí ó má kúnlẹ̀ kí mi. "Mọ́mì, ṣé ẹ sùn dáadáa? Orúnkún yẹn ńkọ́?" Kí n tó ní mo fẹ́ wẹ̀, omi gbígbóná ti dé. Kí ni mo tún ń wá? Ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn! Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú, síbẹ̀ bí nǹkan bá ti ṣe nínú ilé, ilé bàbá rẹ̀ ni ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ.

Tèmilolúwa ni orúkọ ọmọ. Ó ti pé ọdún méjì kí á tó mọ̀ pé ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà. Kúlíkúlí bíńtín ni ará ilé kan fún un. Kí á tó wí, ètè rẹ̀ wú, ara rẹ̀ sú, èémí ń dún fín-ín fín-ín lọ́fun rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Dókítà ní kí ẹ̀pà má dé ẹnu rẹ̀ mọ́, kékeré kọ́, ńlá kọ́. Láti ọjọ́ náà ni Rùkáyá ti lé ẹ̀pà kúrò nínú ilé. Oníbàárà a ní kí ó fi ẹ̀pà sí kéèkì fún òun, yóò ní rárá, kò gbọdọ̀ wọlé òun. Èmi tí mo ń fi ẹ̀pà mu gaàrí láti kékeré, mo di ẹni tí ń jókòó lẹ́bàá títì ní Fádèyí kí n tó lè jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, kí n tún fọ ọwọ́ fọ ẹnu kí n tó padà délé! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n abẹ́ ẹ̀rín náà ni ọ̀rọ̀ ti ń ta gbòǹgbò. Irú ọmọ Yorùbá wo ni ẹ̀pà ń pa? Kò sí i nílé wa rí. Ohun tí kò bá sí nílé bàbá, ilé ìyá ni kí á lọ wò. Ìdè ni, mo ní, ìdè tí ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹgbẹ́ àdúrà. A gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a ta òróró sí ọmọ náà lórí, a ké, a làágùn. Nígbà tí a ṣe tán, Ìyá Díkónì tí ó jẹ́ aṣáájú wa dì mọ́ mi. Ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, ó ti tán! Ọmọ ti gba ìdáǹdè. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ máa jẹ́rìí. Mo ti kọ orúkọ yín." Mo délé, mo sọ fún Rùkáyá. Ó kúnlẹ̀, ó ṣe àmín. Ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fún un ní nǹkan kan."

"Ta ni dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọlọ́run?"

"Mọ́mì, Ọlọ́run náà ló dá dókítà o."

Káyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín lórí àga. "Mọ́mì, ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀, ọlọ́pàá ẹ̀pà ni!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Ọmọ àná yìí fẹ́ sọ àdúrà mi di òfo! Báwo ni n óò sì ṣe dúró níwájú ìjọ kí n jẹ́rìí sí ohun tí n kò tíì fojú rí? Mo ní n óò kọ́kọ́ rí i. Mo ní díẹ̀ báyìí, díẹ̀ péré.

Oúnjẹ kan wà tí Tèmi fẹ́ràn ju ẹran lọ. Ápù ni Rùkáyá máa ń gé wẹ́wẹ́, yóò da ṣúgà díẹ̀ sí i, yóò fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, yóò tẹ́ ẹ sínú àwo tí iná kì í fọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọmọ ìka ra bọ́tà tútù mọ́ ìyẹ̀fun àti ṣúgà títí tí yóò fi já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èérún búrẹ́dì, yóò wọ́n ọn lé ápù náà lórí, yóò tì í bọ inú ófìn. Kírọ́ńbù ni òun ń pè é. Èmi ń pè é ní ápù eléèérún. Bí ó bá ti jinná, omi ápù yóò máa hó yọ létí àwo, òkè rẹ̀ yóò pọ́n, a óò sì máa rún un wómúwómú. Òórùn rẹ̀ a gba gbogbo ilé, a bá ará ilé kejì lójú fèrèsé. Ohun tí ó ń mú òórùn náà wá ni ìyẹ̀fun pupa kan tí ó ń bù sí ápù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bi í pé kí nìyẹn, ó ní, "Kínámónì ni, Mọ́mì." Mo fò sókè! Kínámónì! Kínámónì tí Ọlọ́run ní kí Mósè fi po òróró mímọ́, èyí tí wọ́n fi ya àgọ́ àti àlùfáà sọ́tọ̀? Mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwàásù láti kékeré, n kò mọ̀ pé èèpo igi tí ènìyàn lè rà lọ́jà ni. Láti ọjọ́ náà, lójú tèmi, ápù eléèérún kì í ṣe ìpápánu mọ́. Ẹ wá wo bí èṣù ṣe ń fi ohun mímọ́ dẹ ìdẹkùn! Mo rò ó, mo tún un rò. Mo ní bí ẹ̀pà bá wọ inú ohun tí kínámónì wà, tí mo sì gbàdúrà lé e, oró wo ni yóò kù níbẹ̀?

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi náà, Rùkáyá ní kéèkì tí yóò gbé lọ sí Akoka. Ó ti gé ápù, ó ti ra èérún rẹ̀, ó gbé méjèèjì sínú fíríìjì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, bó bá kù díẹ̀ kí Tèmi dé láti iléèwé, ẹ wọ́n èyí lé èyí, kí ẹ tì í bọ ófìn. Mi ò ní pẹ́." Mo ní àlọ rere, àbọ̀ rere. Bí ó ti jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀pà yíyan tí mo rà ní Fádèyí wà nínú báàgì Bíbélì mi. Ẹ gbọ́ ibi tí mo fi pa mọ́! Mo bó èèpo rẹ̀, mo fi ìgò yí i lórí pátákó títí ó fi kúnná, mo pò ó mọ́ èérún Rùkáyá. Àwọ̀ wọn jọra, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo wọ́n ọn lé ápù. Mo bu kínámónì kún èyí tí Rùkáyá ti bù, mo bù ú títí òkè àwo fi pupa. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé e, mo gbàdúrà bí ẹni tí ń ya pẹpẹ sí mímọ́. Mo ní ohun tí ó ń pani kò ní pa ọmọ tèmi. Omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú mi. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ìkà lọ́kàn mi. Èyí gan-an ni ó ń dẹ́rù bà mí jù.

Tèmi dé, báàgì iléèwé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Màmá Àgbà, òórùn yẹn! Ṣé tèmi ni?" "Tìrẹ ni, ọkọ mi." Mo bù ú sínú abọ́, ó ṣì ń rú èéfín. Ó fẹ́ ẹ látẹnu, ó fi ṣíbí kan sẹ́nu. Ó dúró. Ó wo ojú mi. "Màmá Àgbà, ó ń run bákan." Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí nǹkan bá ń run bákan, kí ó má jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ṣí ilẹ̀kùn àbáyọ fún mi, ẹnu ọmọ náà ni ó gbà sọ̀rọ̀, èmi tí mo ń pe ara mi ní ẹni tí ń gbóhùn Rẹ̀ kò gbọ́. Mo ní, "Kínámónì ni mo fi kún un. Jẹ ẹ́, ó dára fún ọ." Ó gbà mí gbọ́. Ó jẹ ẹ́.

N kò tíì gbé abọ́ kúrò nílẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn. Ètè rẹ̀ ń wú lójú mi kòrókòró. Ó ní, "Màmá Àgbà, ọ̀fun mi," ohùn rẹ̀ ti há. Mo pe orúkọ Jésù, mo pè é tí gbogbo ilé gbọ́, mo da òróró lé e lórí. Ọmọ náà ń wá èémí bí ẹja tí a gbé sórí ilẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tí ó wà lọ́jà. Ọwọ́ mi gan-an ni mo fi wọ́ orí ọmọ náà! Obìnrin kan, aládùúgbò wa, já wọlé, ó pariwo mọ́ mi: "Màmá, ẹ gbé e ká lọ! Ṣé òróró ló kàn báyìí?" Ó já a gbà lọ́wọ́ mi, a kó sínú kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè méjì péré ni dókítà bi mí: "Màmá, kí ló jẹ? Ṣé nǹkan kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà?" Ẹ̀yin ènìyàn, ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ojú aládùúgbò wa wà lára mi, mo rí ojú Ìyá Díkónì lọ́kàn mi, mo rí ojú Káyọ̀dé, mo sì ní, "Ápù ni ó jẹ. Ápù lásán." Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí àyà rẹ̀ dí. Ìṣẹ́jú ń lọ, ọmọ ń lọ. Ibẹ̀ ni Rùkáyá ti já dé. Aládùúgbò ni ó pè é lórí fóònù. Gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ni ó wọ̀. Bí ó ti rí ojú ọmọ rẹ̀ ni ó figbe ta: "Ẹ̀pà ni! Dókítà, ẹ̀pà ni! Bó ṣe ṣe é nígbà yẹn nìyí!" Kíá ni wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tí ó yẹ wá. Kò pẹ́, kò jìnnà, èémí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ìyá rẹ̀ ni Ọlọ́run lò láti gbà á là, kì í ṣe òróró mi. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́ sí i, irọ́ mi ni ìbá sin Tèmi.

Wọ́n dá ọmọ dúró síbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ kó aṣọ rẹ̀ wá. Aṣọ kọ́ ni mo lọ kó. Mo da ìyókù ápù eléèérún náà sínú ọ̀rá, mo lọ jù ú sí ibi ìdọ̀tí lójú títì, mo fọ àwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbá èèpo ẹ̀pà nílẹ̀. Nígbà tí Káyọ̀dé dé ilé ìwòsàn láti ibi iṣẹ́, tí ó bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, mo fún un ní irọ́ tí ó wọ aṣọ òtítọ́: "Ohun tí ìyàwó rẹ pò sílẹ̀ ni mo yan." Ó yíjú sí Rùkáyá.

"Rùká, oníbàárà wo lo ṣe kéèkì ẹlẹ́pà fún?"

"Dádì Tèmi, mo fi Ọlọ́run búra, ẹ̀pà ò wọlé wa."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé ẹ̀pà ni? Dókítà ò mọ̀, Mọ́mì ò mọ̀, ìwọ tó o wà ní Akoka lo mọ̀!"

Ẹ wò ó! Ohun tí ó fi gba ọmọ là ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ó yíjú sí mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ wà nílé." Mo wolẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí á máa dúpẹ́ ná."

Ẹ ò tíì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, orúkọ mi ṣì wà lára àwọn tí yóò jẹ́rìí. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní ikú yẹ̀ lórí ọmọ ọmọ mi. Ìjọ jó, wọ́n fi mí sáàárín. Ìyá Díkónì ń pariwo sí mi létí, "Ẹ rí i? Ogun ilé ìyá rẹ̀ ló ń jà kẹ́yìn!" Mo ní àmín. Nígbà tí ọmọ kúrò ní ilé ìwòsàn, Káyọ̀dé ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ jókòó ti bàbá rẹ̀ ní Ṣómólú, pé òun kò lè bá ẹni tí ó ń fi ẹ̀mí ọmọ òun tajà gbé. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, Àlàájì, bàbá Rùkáyá, wá bá èmi àti Káyọ̀dé nílé. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, ọmọ mi ní òun ò fi ẹ̀pà sí i. Ọkọ rẹ̀ ní ó fi sí i. Èmi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, onígbàgbọ́ sì ni yín, mo mọ̀ pé ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá fi bá ọmọ mi wí." Áà! Ọkùnrin tí mo ti ń pe ilé rẹ̀ ní ilé ìdè! Òun ni ó fi ìgbàgbọ́ mi ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ní, "Àlàájì, ohun tí ó pò ni mo yan." Ó mi orí. Ó ní òun gbọ́. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún Káyọ̀dé, ọmọ tí ó lè bí, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì lọ.

Níjẹta, mo ń ya irun Tèmi. Ó ní, "Màmá Àgbà, ṣé torí mo jẹ ẹ́ ni Mọ́mì mi ṣe lọ?" Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, "Mọ́mì ti sọ pé tó bá ń run bákan kí n má jẹ ẹ́. Mo wá jẹ ẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá. Mi ò ní jẹ nǹkan dídùn mọ́." Òòyà já bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí rẹ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò wo ojú mi, yóò sì sún un sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ bí mi nínú.

Ọjọ́ Sátidé yìí ni Káyọ̀dé ní kí ẹbí méjèèjì péjọ sí ilé wa, kí òun lè sọ níṣojú wọn pé òun kò ṣe ìgbéyàwó náà mọ́. Sátidé ku ọ̀túnla. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ mi kan ṣoṣo lè má wo ojú mi mọ́ títí n óò fi kú. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà yóò dàgbà pẹ̀lú èrò pé òun ni ó lé ìyá òun jáde. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ogún ọdún! Níbo ni Tèmi yóò ti rí ogún ọdún dúró dè é? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o! Ṣé Ṣómólú ni kí n kọ́kọ́ lọ, kí èmi náà kúnlẹ̀ fún ọmọ tí ó ti ń kúnlẹ̀ fún mi? Àbí iwájú ẹbí ni kí n ti sọ ọ́, níṣojú Àlàájì tí mo parọ́ fún? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pe Káyọ̀dé wọ yàrá mi. Ó wọlé, ó ní, "Mọ́mì, kí ni?" Mo ní kí ó bá mi wo fáànù, ó ń dún. Ẹnu tí ó ń lé ẹ̀mí èṣù fún wákàtí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ méjì péré, "Èmi ni," wúwo jù fún un.

Ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń ronú èsì tí ẹ óò fún mi, ẹ jẹ́ kí n bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ láàárín yín. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Ìwọ ìyá àgbà, ìwọ àǹtí, ìwọ tí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún, tí o ń rò pé ìyá rẹ̀ ń ṣe àṣejù, tí o ti ń ṣọ́ ọjọ́ tí yóò jáde kí o lè fi díẹ̀ dán an wò. Mo mọ Ìwé ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, mo sì gbàgbé pé Sátánì ni ó gbé Olúwa wa lọ sórí tẹ́ńpìlì pé kí ó bẹ́ sílẹ̀, áńgẹ́lì yóò gbà á. Olúwa kò bẹ́. Èmi náà kò bẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo tì. Ìgbàgbọ́ tí ó bá fẹ́ ìdánwò, ara ẹni tí ó ni ín ni kí ó fi dán an wò. Nítorí náà, ohun tí o ti rà pamọ́ de ọmọ yẹn, lọ dà á nù. Bí o bá sì ti ṣe é, tí o ti parọ́ bò ó mọ́lẹ̀, má ṣe dúró di ọjọ́ tí ẹbí yóò pé jọ bíi tèmi. Dìde níbi tí o jókòó sí yìí, lọ bá ẹni tí o parọ́ mọ́, kí o sì sọ fún un pé ìwọ ni, kí ọmọdé kankan má baà tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí ìwọ dá.